LaserJet 1020 kan, kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ilé kan: báwo ni gbogbo wa ṣe lè jọ lò ó?

Tíṣà_Mọ́níyà · Ọjọ́ Ajé, 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ní HP LaserJet 1020 kan tí mo ti ń lò láti 2009. Ìbéèrè ìdánwò, ìwé ìléwọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì, ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi, òun ló tẹ gbogbo rẹ̀. Títí di àárọ̀ yìí, ohun tó ń tẹ̀ ṣì dúdú, ó sì mọ́ kedere. Tónà 12A tó ń lò ṣì wà lọ́jà káàkiri.

USB nìkan ló ní. Kò ní Wi-Fi, kò sì ní ihò waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ni mo so ó mọ́, Windows 10 ló wà lórí ìyẹn. Ìyàwó mi ní laptop Windows 11, ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì náà ní tirẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ nǹkan, flash ni wọ́n ń gbé wá bá mi, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo ní láti dáwọ́ dúró kí n tó lè dá wọn lóhùn.

Mo ti ṣe share rẹ̀. Mo wọ Printer properties, mo tẹ Sharing, mo fi àmì sí Share this printer, mo sì sọ ọ́ ní HP1020. Laptop ìyàwó mi rí kọ̀ǹpútà mi, ó rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà pàápàá. Àmọ́ bó bá ti fẹ́ so pọ̀ mọ́ ọn, á ní òun ò lè ṣe é, á wá gbé nọ́ńbà yìí jáde: 0x0000011b. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní ẹ̀rọ náà ti gbó, kí n lọ ra tuntun. N kò ní owó tuntun lọ́wọ́ báyìí. N kò sì gbà pé ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé dáadáa níwájú mi ti gbó nítorí pé laptop kan kò bá a sọ̀rọ̀.

ÀbúròWaya · Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ̀rọ yín kò gbó rárá. Mo mọ nọ́ńbà yẹn dáadáa.

Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lára rẹ̀, ẹ ṣí regedit (ibi tí a ti ń tún ètò abẹ́nú Windows ṣe), ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\System\CurrentControlSet\Control\Print. Ẹ dá DWORD 32-bit kan sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ ní RpcAuthnLevelPrivacyEnabled, kí ẹ fi 0 sí i. Ẹ pa Print Spooler, ẹ tún un tàn. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìyá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì · Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe èyí tí ÀbúròWaya sọ yẹn. Kò parọ́ o, á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òdo yẹn ń ṣe kí ẹ tó kọ ọ́.

Lóṣù Keje 2021, ariwo ta nípa ihò kan tí wọ́n ń pè ní PrintNightmare, CVE-2021-34527 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Print Spooler ni iṣẹ́ abẹ́nú tó ń to ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ sórí ìlà. Agbára SYSTEM ló fi ń ṣiṣẹ́, agbára tó ju ti ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tó bá ti ráyè wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbé driver ayédèrú fún un (driver ni ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀), á sì gbà á wọlé láì béèrè ohunkóhun. Microsoft sáré dí ihò náà lóṣù kan náà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, wọ́n ní alábòójútó kọ̀ǹpútà nìkan ló lè máa gba driver láti orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ọ̀tọ̀ ni ti 0x0000011b. Ihò mìíràn nìyẹn, CVE-2021-1678. Láti oṣù Kìíní 2021 ni àtúnṣe rẹ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n tó sọ ọ́ di dandan. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tó bá ń kọjá láàárín kọ̀ǹpútà méjì nítorí ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a dì, tí ẹnikẹ́ni kò lè yọjú wò lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kan bá ń béèrè bẹ́ẹ̀ tí èkejì kò sì lè ṣe é, nọ́ńbà tí ẹ rí yẹn ló máa jáde. Òdo tí àbúrò mi ní kí ẹ kọ yìí, dandan náà ló ń yọ kúrò. Ó dà bí ìgbà tí àlejò kò rí kọ́kọ́rọ́, tí a wá yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ògiri. Ilé tí ọmọ yunifásítì wà, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń wọlé tí wọ́n ń béèrè password Wi-Fi, n kò ní yọ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn èèyàn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà méjèèjì gba gbogbo update tó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, lórí kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ dá user tuntun kan sílẹ̀, kí ẹ pè é ní itewe, kí ẹ fún un ní password gidi. Kò gbọdọ̀ jẹ́ alábòójútó. Ìtẹ̀wé nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó ku laptop ìyàwó yín. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ ki waya USB bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí driver lè wọlé sórí rẹ̀, ẹ tẹ ojú ìwé kan, kí ẹ yọ waya. Ẹ ṣí Credential Manager, ẹ tẹ Windows Credentials, ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà yín síbẹ̀ pẹ̀lú itewe àti password rẹ̀. Ẹ wá padà sí Printers & scanners, ẹ yan pé ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kún un. Ẹ yan Create a new port, ẹ mú Local Port, kí ẹ kọ ọ̀nà náà báyìí: \\ORUKO-KOMPUTA-YIN\HP1020. Driver tó ti wà lórí laptop tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ mú.

Bẹ́ẹ̀, laptop kò ní béèrè driver lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà yín mọ́. Ìwé tó ti sè jinná ló máa gbé ránṣẹ́. Inú pípààrọ̀ driver yẹn ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

ÀbúròWaya · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ẹ ṣeun mà. Ilé méjì ni mo ti kọ òdo yẹn sí. Mo máa padà lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Tíṣà_Mọ́níyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 alẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti ṣe é, àmọ́ "Access is denied" ló kọ́kọ́ ń sọ. Mo ti fo ibi user itewe, orúkọ tèmi gan-an ni mo lò, nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ń ṣí kọ̀ǹpútà mi láràárọ̀ ni mo sì kọ sí ibi password.

Ìyá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:41 alẹ́

PIN nìyẹn, Tíṣà. PIN kì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí a ti dá a, kò wúlò láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn èèyàn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an, ìdí tí mo fi ní kí ẹ dá itewe sílẹ̀ nìyẹn.

Tíṣà_Mọ́níyà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 alẹ́

Ó ti ṣiṣẹ́! Ìyàwó mi jókòó sí pálọ̀, ó tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà dìde ní yàrá mi. Tàwa tọmọ la pariwo.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ṣì kù. Èkíní, bí kọ̀ǹpútà mi bá sùn tàbí tí mo pa á, kò sẹ́ni tó lè tẹ nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n bá sì mú iná, ó parí nìyẹn. Èkejì, orí fóònù ni ọmọ mi ti ń ka gbogbo ìwé rẹ̀, fóònù kò sì rí ẹ̀rọ yìí rárá. Ṣé ọ̀nà wà?

Ìyá_Ìbejì_Ṣàgámù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:52 alẹ́

Ẹ kú oríire o, Tíṣà. Ẹ má ṣe àṣìṣe tí mo ṣe. Mo ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní print server, tí wọ́n ní kí n ki waya USB sí, kí n so ó mọ́ router. 1020 náà ni èmi ń lò. Àpótí yẹn kò bá a ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó tà á fún mi kò sì gbà á padà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó fà á.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:10 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo lè sọ ìdí rẹ̀, ìdí yẹn náà ló sì máa tọ́ Tíṣà sọ́nà.

Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní ọpọlọ tiwọn. Ẹ lè fi PCL tàbí PostScript bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á fúnra wọn ya lẹ́tà sórí ìwé. 1020 kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ya gbogbo ojú ìwé tán, tó ń sọ ọ́ di àmì dúdú àti funfun, kó tó fi ránṣẹ́ ní èdè kan tí wọ́n ń pè ní ZjStream. Ohun mìíràn tún wà: ẹ̀rọ náà kì í tọ́jú firmware, ètò abẹ́nú tó ń mú un ṣiṣẹ́, sínú ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá tan án ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún gbé firmware náà fún un, fáìlì kan tó ń jẹ́ sihp1020.dl. Bí kò bá rí i gbà, á kàn jókòó ni, iná rẹ̀ á tàn, kò ní tẹ nǹkan kan. Àpótí tí ẹ rà, ó mọ bí a ti ń gbé ìwé kọjá, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé firmware. Ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yín kọ́ lẹ jẹ̀bi.

Nítorí náà, ohun tí ilé Tíṣà nílò ni kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kì í sùn, tó mọ ìwà 1020. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kékeré kan, ni mo ń lò fún tèmi níbí. Debian ló wà lórí rẹ̀ dípò Windows, CUPS sì ni alákòóso ìtẹ̀wé. Ohun tí mo tẹ̀ nìyí:

sudo apt install cups avahi-daemon printer-driver-foo2zjs
sudo usermod -aG lpadmin orúkọ-yín
sudo getweb 1020
sudo cupsctl --remote-admin --remote-any --share-printers

getweb ló ń wá firmware náà sílẹ̀. Bí kò bá rí i, ẹ fi hplip sórí rẹ̀, kí ẹ sì lo hp-plugin, ìyẹn náà á gbé e wá. Lẹ́yìn náà, láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí browser, ẹ kọ àdírẹ́sì Pi náà pẹ̀lú :631 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wọ Administration, ẹ fi ẹ̀rọ náà kún un, kí ẹ sì rí i pé ẹ fi àmì sí Share This Printer.

Avahi ló máa kéde ẹ̀rọ náà fún gbogbo ilé. Láti iOS 4.2 tó jáde lóṣù Kọkànlá 2010 ni iPhone ti ń lo AirPrint, ọ̀nà tó fi ń tẹ̀wé láì lo waya, CUPS sì gbọ́ èdè náà. Android tòde òní náà á rí i.

Ìyá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì · Ọjọ́rú, 5:55 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, àlàyé firmware yẹn dára púpọ̀. Ibì kan ni mo fẹ́ tọ́ka sí: --remote-any yẹn. Ó ń jẹ́ kí ìtẹ̀wé wá láti ibikíbi, títí kan orí íńtánẹ́ẹ̀tì. --share-printers nìkan tó fún gbogbo ẹni tó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Ọjọ́rú, 8:30 àárọ̀

Òótọ́ ni ẹ sọ. Mo ti yọ ọ́ kúrò lórí tèmi báyìí, ó sì ń tẹ̀wé bó ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Tíṣà, ẹ má kọ ọ́.

Bọ̀dá_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́rú, 12:17 ọ̀sán

Kí Tíṣà tó lọ ra Pi, mo ní ìbéèrè kan. Ṣé kò sí laptop àtijọ́ kan nínú ilé yín tí ojú rẹ̀ fọ́ tàbí tí kíbọọ̀dù rẹ̀ ti kú? Èyíkéyìí tó bá ṣì ń tàn. Debian kò wúwo, 1 GB RAM tó o fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé bátìrì wà nínú laptop. Bí wọ́n bá mú iná, kò ní kú lójijì.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ pa ọmọrí rẹ̀ dé kí ẹ tì í sábẹ́ tábìlì, ẹ ṣí /etc/systemd/logind.conf, ẹ kọ HandleLidSwitch=ignore síbẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sùn ní gbàrà tí ẹ bá ti pa á dé. Ẹ tún wọ inú router yín, ẹ ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún un, bí 192.168.1.50, kí ó má máa yí padà nígbà gbogbo tí iná bá lọ tó sì dé. Àìṣe ìyẹn ló ń mú kí ẹ̀rọ "sọnù" fún àwọn èèyàn lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Bí fóònù kò bá rí i, ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àlejò ni fóònù wà lórí rẹ̀. Àwọn router mìíràn tún ní ohun tí wọ́n ń pè ní AP isolation, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì tó wà lórí Wi-Fi kan náà rí ara wọn. Ẹ pa á fún Wi-Fi ilé, ẹ fi sílẹ̀ fún ti àlejò.

Ọ̀gá_Inverter · Ọjọ́rú, 2:03 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo ti rí i kó bàjẹ́ rí. Laptop tàbí Pi lẹ lè so mọ́ UPS tàbí power bank. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser kọ́ o! Inú rẹ̀ ni fuser wà, irin gbígbóná tó ń yọ́ tónà mọ́ ìwé lára, nǹkan bí 200 °C ló sì máa ń gbóná dé. Bó bá fẹ́ gbóná, á fa iná lójijì, á tún fi sílẹ̀, á tún fà á. UPS kékeré kì í lè gbé e. Ojú iná gan-an ni kí ẹ so ó mọ́, tàbí inverter tó lágbára dáadáa. Bí iná bá lọ, ìwé á dúró lórí ìlà nínú laptop títí iná á fi dé.

Tíṣà_Mọ́níyà · Ọjọ́ Ẹtì, 9:36 alẹ́

Mo wà níbí o. Laptop ọmọ mi ti 2012 wà nínú àpótí, ojú rẹ̀ ti là sí méjì. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì wà fún un láyé. Mo ya waya láti ara rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí n lè rí ohun tí mò ń ṣe, mo fi Debian sórí rẹ̀, mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ, àfi --remote-any. getweb kò rí firmware náà, hp-plugin ló bá mi gbé e wá.

Mo pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo tún un tàn, mo dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbà náà ló yé mi pé laptop abẹ́ tábìlì ló gbé firmware fún un. Ọmọ mi sì tẹ ìwé láti orí fóònù rẹ̀ lórí ibùsùn, ojú mi báyìí ló ṣe.

Windows 11 ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣe agídí. Ó rí i, ó fi kún un, àmọ́ òfìfo ni ìwé ń jáde.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham · Ọjọ́ Ẹtì, 10:02 alẹ́

Ẹ yọ èyí tó fi kún un fúnra rẹ̀ kúrò. Ẹ fọwọ́ ara yín fi kún un, ẹ yan Select a shared printer by name, kí ẹ kọ http://192.168.1.50:631/printers/HP1020. Bó bá béèrè driver, ẹ má mú ti 1020. Ẹ lọ sí Generic, kí ẹ mú MS Publisher Imagesetter. PostScript ni ìyẹn ń sọ, CUPS gbọ́ ọ. Laptop abẹ́ tábìlì ló máa sọ ọ́ di èdè 1020. Kò sí laptop kankan nínú ilé tó tún nílò driver ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́, èyí sì wúlò, torí Microsoft ti kéde láti 2023 pé díẹ̀díẹ̀ làwọn máa dẹ́kun pípín driver ìtẹ̀wé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ nípasẹ̀ Windows Update.

Ìyá_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì · Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 alẹ́

Tíṣà, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà yìí ti ṣiṣẹ́, ẹ pa share ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ sì yọ user itewe. Windows 10 tó wà lórí rẹ̀, 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni àtìlẹ́yìn gbogbogbò rẹ̀ dópin. N kò fẹ́ kó máa ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà_Mọ́níyà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀

Mo ti pa á, mo ti yọ ọ́. Imagesetter yẹn náà ṣiṣẹ́. Ó ku ẹyọ kan: láti orí fóònù, ìwé kìíní á jáde, lẹ́yìn náà iná ìkìlọ̀ á máa ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ, á sì dúró, kò ní tẹ èyí tó kù. Ìwé wà nínú rẹ̀ o.

Bọ̀dá_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:34 àárọ̀

Ìwé Letter ti àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń béèrè, A4 lẹ fi sínú rẹ̀. Lórí laptop abẹ́ tábìlì, ẹ kọ:

sudo lpadmin -p HP1020 -o PageSize=A4

Tíṣà_Mọ́níyà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:08 ọ̀sán

Ó ti lọ. Ìbéèrè ìdánwò JSS 2 ló ń jáde lọ́wọ́ báyìí, ogójì ẹ̀dà, ìyàwó mi ló tẹ̀ ẹ́ láti ilé ìdáná. Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ní laptop àtijọ́ kankan nílé, ẹ kọ̀wé síbí, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sínú ìwé, màá bá yín tẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀.